Bí Ìfètòsọ́mọbíbí Ṣe Di Ẹrù Obìnrin ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fọwọ́ sí ìlànà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ṣe lórí iye ènìyàn inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú ìlànà ọ̀hún: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Obìnrin Nàìjíríà ń bí ju mẹ́fà lọ lákòókò náà, ìjọba sì fẹ́ kó wálẹ̀ sí mẹ́rin kí ọdún 2000 tó pé.

Kò sí iye tí wọ́n dá lé ọkùnrin lórí. Bàbá tó bá ní ìyàwó mẹ́ta ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lè bí méjìlá, kò sì ní rú ìlànà kankan. Ìlànà yìí kan náà sì gbà pé ọkùnrin ni olórí ilé, pé òun ló ń pinnu bí ìdílé yóò ṣe tó. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọn kò sì jayò pa. Ìjọba fi àṣẹ sílẹ̀ fún ọkọ, ó wá gbé ìṣirò ka ìyàwó lórí.

Ọdún 1988 kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìtàn, ìtàn náà kò sì rí bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkùnrin Yorùbá ti ń bímọ láìbojúwẹ̀yìn, kí ọ̀làjú tó wá kọ́ wa ní ètò. Tí a bá tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ìlú méjèèjì yìí, a ó rí i pé ètò ti wà tipẹ́, ọkùnrin sì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn, ìjọba àti àwọn olùwádìí dé ni ìpín náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ méjì nínú ẹ̀ka márùn-ún tí Ìpínlẹ̀ Èkó pín sí. Ọ̀sà wà níwájú wọn, oko wà lẹ́yìn wọn. Ìkòròdú tan mọ́ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ náà jẹ́ ìlú Ìjẹ̀bú, àmọ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851 tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, ibẹ̀ ló sá wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó bá kóńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854, ó sì padà sí Èkó ní 1862. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí Èkó Ẹ̀pẹ́ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí dòní, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ń ṣe ọdún Káyòkáyò láti ṣèrántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé.

Ilé tó ń jẹun látinú omi àti oko kò lè ṣe láìní ọwọ́ púpọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, ọmọkùnrin á bá bàbá rẹ̀ tukọ̀, á sì bá a tún àwọ̀n ṣe. Ọmọbìnrin á bá ìyá rẹ̀ yan ẹja, á sì bá a hun ẹní. Ní Ìkòròdú àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọmọdé ló ń jókòó ti àgbà nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó fún gàrí. Bàbá tún ní ìdí mìíràn tó fi ń fẹ́ ọmọ. Bí Babátúndé bá dé, bàbá tó kú ló padà wálé. Bí Ìyábọ̀ bá dé, ìyá ló padà. Ọkùnrin tí kò bímọ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn baba rẹ̀ níta, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹbí ṣe máa ń wò ó.

Síbẹ̀, àwọn àgbà yìí kan náà ló ń sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Àlàfo tó wà láàrin ọmọ kan àti èkejì ni àṣà ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá ti bímọ, ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lò pọ̀ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, ìyẹn ọdún méjì sí mẹ́ta. Ohun tí wọ́n gbà ni pé àtọ̀ máa ń wọ inú omi ọmú, á sì bà á jẹ́, ọmọ á wá máa ṣunú, á máa rù. John àti Pat Caldwell, tọkọtaya olùwádìí láti Ọsirélíà, bá àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn Yorùbá ní 1973. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n fi hàn pé ìtakété yìí wà lára ohun tó lágbára jù lọ tó ń pinnu iye ọmọ tí obìnrin Yorùbá máa ń bí láyé rẹ̀. Ọmú fúnra rẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀, nítorí pé fífún ọmọ lọ́mú léraléra máa ń fa ìpadàbọ̀ nǹkan oṣù sẹ́yìn.

Ọkùnrin gan-an ni òfin yìí dì mú. Bí ìyá ọmọ bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìtìjú náà kò mọ sórí rẹ̀ nìkan. Ọkọ ni wọ́n máa ń bi léèrè pé kí ló ń lé e tí kò lè dúró. Ìyá ọkọ sábà máa ń sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá ọmọ àti ìkókó, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára wọn. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìwà bàbá rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlera ọmọ wà lọ́rùn bàbá lọ́nà tí gbogbo agbo ilé lè rí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin ra àtijọ́ lára. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta kì í takété sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó sì ní ẹyọ kan lè yan àlè síta. Obìnrin kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, àṣà ní kí òun fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú oyún pátápátá, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì lè fẹ́ ọmọge tuntun. Ìpín ọkùnrin fúyẹ́ ju ti obìnrin lọ. Àmọ́ ó ní ìpín, gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n.

Oníṣègùn wà fún àwọn tí kò bá lè dúró. Nínú ìwádìí tí M. K. Jinadu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ọ̀nà ìbílẹ̀ tí Yorùbá ń gbà dènà oyún, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, ohun tí wọ́n bá pàdé ni òrùka, ìgbàdí, gbẹ́rẹ́ àti àgbo. Obìnrin á fi òrùka tí wọ́n fi oògùn ṣe sọ́wọ́ kó tó sùn ti ọkọ rẹ̀, á sì bọ́ ọ kúrò nígbà tó bá fẹ́ lóyún. Ìgbàdí wà fún ìbàdí, wọ́n sì ń sín gbẹ́rẹ́ sí ara. Kò sí ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ìṣègùn pé òrùka tàbí ìgbàdí ń dá oyún dúró. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni ara ẹni tí wọ́n wà: ìka obìnrin, ìbàdí obìnrin, awọ ara obìnrin. Ibi tí àṣà ti ní kí ọkùnrin kó ara rẹ̀ níjàánu ló ti kàn án. Ibi tí ohun èlò ti wọ̀ ọ́, obìnrin ni wọ́n gbé e fún. Ìlà méjèèjì yìí ni yóò pàdé ara wọn nígbà tí ilé ìwòsàn bá dé.

Ẹ̀sìn náà sọ tirẹ̀. Ìsìláàmù fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ìbéèrè bóyá ọkùnrin lè dá àtọ̀ síta kí oyún má bàa dúró sì ti pẹ́ nínú rẹ̀. Hádíìsì tó wá láti ọ̀dọ̀ Jábìr sọ pé àwọn sàhábà ń ṣe é, tí wọ́n ń pè é ní azl, nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlànà Máálíkì, tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, fàyè gbà á, àmọ́ wọ́n ní ọkọ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ kó tó ṣe é. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni òye yẹn ti wà nílẹ̀: ọkùnrin ni yóò fi ara tirẹ̀ ṣe é, yóò sì kọ́kọ́ bá obìnrin sọ ọ́. Ọ̀nà náà kò dánilójú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọkọ wọn gbára lé e fún ọdún kan, nǹkan bí ogún ló máa lóyún. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ọkùnrin ní kò kan òun lọ.

Ọ̀rọ̀ ogún tún ń kọ́ àwọn ọkùnrin bí a ṣe ń ka ọmọ. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín dúkìá bàbá tó kú. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n fi ń pín in. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ. Ní Èkó, ẹbí Súbérù Dáwódù tó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló tọ́ sí ayé òde òní. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ dá ìdájọ́ náà nù ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lu ìdí-igi ní 1962.

Ìdájọ́ yẹn wọ inú ilé olórogún. Ìyàwó tí kò bá bí rárá kò ní ìdí-igi, kò sì ní ìpín, nítorí náà obìnrin kò gbọdọ̀ fetò sí ohunkóhun kó tó fìdí múlẹ̀ nílé ọkọ. Ọkùnrin ní tirẹ̀ lè fi ìyàwó kún ìyàwó, kí igi máa pọ̀ sí i. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ọmọ, ibẹ̀ náà sì ni ìlànà ọdún 1988 ti ka tirẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yí ọkàn àwọn bàbá padà ni ìnáwó ilé ìwé. Láàrin 1954 sí 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, kí wọ́n tó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ó kàn wọ́n. Ní gbogbo ẹkùn náà, iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ju 811,000 lọ láàrin ọdún kan. Ọmọ tó ń tukọ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń béèrè bàtà, ìwé àti aṣọ ilé ìwé. Bí ó ti ń lọ sókè sí i ni ìnáwó rẹ̀ ń le sí i, kò sì sí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lójú omi mọ́. Látinú ohun tí John Caldwell rí láàrin àwọn Yorùbá ló ti fà á yọ ní 1976 pé ìgbà tí owó bá ń ṣàn láti ọwọ́ òbí sí ọwọ́ ọmọ ni àwọn ènìyàn máa ń ronú láti dín ọmọ kù.

Lákòókò kan náà ni ìtakété ń já. Ṣọ́ọ̀ṣì ń wàásù ìyàwó kan, nọ́ọ̀sì ní àtọ̀ kì í ba ọmú jẹ́, wàrà agolo dé ọjà. Tọkọtaya ọ̀dọ́ gba yàrá kan tí ìyá ọkọ kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ wọn. Hilary Page, Ron Lesthaeghe àti Adégbọ́lá ṣe ìwádìí ní Èkó ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tó kàwé ń gé àsìkò ìtakété kúrú, wọ́n sì ń fi ìfètòsọ́mọbíbí ìgbàlódé dí àlàfo rẹ̀. Kí ìtakété tó ṣeé ṣe, ọkùnrin àti obìnrin ló gbọ́dọ̀ kó ara wọn níjàánu. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ó rọrùn láti rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró fún ìdènà oyún ní 1960. Jack Lippes mú lúùpù rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí àwọn obìnrin wa ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ohun tí wọ́n bá fi sínú ilé ọmọ. Ní Èkó, ilé ìtọ́sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1958. Ẹgbẹ́ Family Planning Council of Nigeria dúró ní 1964, ó sì di Planned Parenthood Federation of Nigeria ní 1979. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládiípọ̀ àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí Grace Delano gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú ilé ìwòsàn lọ sí àwọn abúlé ní ọdún 1980 àti lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì wà láàyè nítorí rẹ̀.

Àmọ́ ibi tí wọ́n gbé ètò náà sí ni ilé ìgbẹ̀bí àti ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Orí bẹ́ǹṣì tí ìyá ọmọ jókòó sí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń wáyé, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọkùnrin tó bá yà síbẹ̀ á rò pé òun ṣìnà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọkọ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni ìfọwọ́sí. Nọ́ọ̀sì á ní kí obìnrin lọ mú ìyọ̀ǹda ọkọ rẹ̀ wá. Ẹni tí ìtakété mú ní dandan láti ṣe nǹkan kan wá di ẹni tí wọ́n kàn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn olùwádìí náà tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn. Ìwádìí ńlá ti orílẹ̀-èdè yìí lórí ọmọ bíbí ní 1981 sí 1982, obìnrin ni wọ́n bi. Ní 1990, ìwádìí àkọ́kọ́ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, tí orílẹ̀-èdè ń ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera, bá obìnrin 8,781 sọ̀rọ̀, kò sì bi ọkùnrin kankan. Ó di ọdún 1999 kí wọ́n tó fi ìwé ìbéèrè tirẹ̀ bá ọkùnrin, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí ilé nínú ìlànà, odindi ọdún mọ́kànlá ló kọjá kí ìwádìí orílẹ̀-èdè tó bi í léèrè ohun tó mọ̀, ohun tó ń ṣe àti ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀mọ̀wé Akínrìnọlá Bánkọ́lé kò dúró dìgbà náà. Ó ṣe ìwádìí lórí tọkọtaya Yorùbá, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995, ohun tó sì rí yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìfẹ́ ọkọ àti ìfẹ́ ìyàwó ló jọ ń pinnu bóyá ọmọ mìíràn máa wáyé. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré nílé, ti ọkọ ló máa ń lékè. Bí ọmọ bá ti ń pọ̀, ti ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára jù. Ìyàwó Yorùbá kò wà lábẹ́ àṣẹ tó bí ìlànà ọdún 1988 ṣe rò. Ọkọ náà kò sì tóbi ju ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn kan gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Ní 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọrin lórí ìfètò, nínú àwo Wait for Me. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n jùmọ̀ gbé ohùn jáde, ìyẹn gan-an sì jẹ́ ohun tuntun, pé ọ̀gá olórin jùjú tí àwọn bàbá ń náwó fún lóde ayẹyẹ lè la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Éèdì náà dé, kọ́ńdọ̀mù sì tẹ̀ lé e wọ ìgboro. Gold Circle tí Society for Family Health ń tà dé ọwọ́ onísọ́ọ̀bù àti àwọn ibùdókọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohun èlò ọkùnrin máa sún mọ́ ọkùnrin tó bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ wọ inú ìdílé tó lórúkọ. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kórìíra kọ́ńdọ̀mù, ó tilẹ̀ kọrin lòdì sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Olíkóyè Ransome-Kuti tó ti jẹ́ mínísítà. Nígbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Olíkóyè jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ láìfi bò pé éèdì ló wà nídìí ikú àbúrò òun. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ yẹn jí lójú oorun.

Ohun tí ọkùnrin gbọ́ nípa kọ́ńdọ̀mù ni pé ó ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrùn. Ó wá di ohun tí a ń lò níta, pẹ̀lú ẹni tí a kò fọkàn tán. Bí ọkọ bá mú un wọ yàrá, ìyàwó á bi í pé níbo lo ti ń bọ̀. Bí ìyàwó bá mú un jáde, wàhálà á tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tó rọrùn jù lọ fún ọkùnrin ṣe di àlejò nínú ilé tọkọtaya.

Lónìí, Ìkòròdú ti kún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní 500,000, Ẹ̀pẹ́ kò sì tó 200,000. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń sá fún owó ilé Èkó ti ń ya wọ ìlú méjèèjì. Ìwádìí NDHS ti 2018 sọ pé obìnrin ní Ìpínlẹ̀ Èkó ń bí ìwọ̀n ọmọ 3.4, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 5.3. Ní 2023 sí 2024, ti orílẹ̀-èdè ti wálẹ̀ sí 4.8, àmọ́ obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Èkó ti kọjá ibi tí ìlànà ọdún 1988 ń lé. Ara obìnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá san gbogbo owó rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta lè mú kí nǹkan oṣù máa ṣe ségesège, tàbí kó dá a dúró pátápátá. Ohun tí wọ́n ń fi sí apá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ díẹ̀díẹ̀. Lúùpù lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ kó sì máa dunni. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ewu, nọ́ọ̀sì sì lè yí ọ̀nà padà fún ẹni tí kò bá bá lára mu. Àmọ́ ọkọ tí kò sí níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ á rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù á bà á, á ní kí ìyàwó òun lọ yọ ọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́ kì í sábà sọ ohun tí òun fúnra òun máa ṣe dípò rẹ̀. Àwọn obìnrin kan sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe tiwọn níkọ̀kọ̀, wọ́n ń tọ́jú káàdì ìwòsàn síbi tí ọkọ kò ní dé.

Ọ̀nà kan sì wà tó jẹ́ ti ọkùnrin gbáà. Nínú iṣẹ́ abẹ vasectomy, dókítà á gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora sí awọ ẹpọ̀n, á ṣí ojú kékeré kan tàbí méjì, á fa iṣan tíńtín tí irúgbìn ọkùnrin ń gbà kọjá jáde, á gé e, á sì dí ẹnu rẹ̀. Kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkùnrin náà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Kò gbọdọ̀ gbára lé e fún bí oṣù mẹ́ta, títí àyẹ̀wò á fi fi hàn pé kò sí irúgbìn nínú àtọ̀ mọ́. Okun rẹ̀ kò dín, ohùn rẹ̀ kò yí padà, àtọ̀ ṣì ń jáde. Ó rọrùn, ewu rẹ̀ sì kéré ju ti obìnrin lọ, ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ikùn kí wọ́n tó so ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò dájú pé wọ́n á lè tú u padà, nítorí náà ẹni tí ọmọ bíbí ti tán fún ló wà fún.

Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọkùnrin, ẹ̀rù náà sì ní gbòǹgbò. Wọ́n rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú kí wọ́n tẹ òbúkọ lọ́dàá. Wọ́n ń bi ara wọn pé bí ọmọ bá kú ńkọ́, bí ìyàwó bá lọ ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ẹni tó mọ̀ jókòó dáhùn rẹ̀ fún wọn láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń dán jẹ́ẹ̀lì ìdènà oyún tí ọkùnrin lè máa fi pa ejìká wò láti 2018, kò tíì dé ọjà.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ní kí a dúró de jẹ́ẹ̀lì. NURHI, ètò ìfètòsọ́mọbíbí fún àwọn ìlú ńlá, tó wọ Èkó ní 2015, fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn olórí àdúgbò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ tí ọkùnrin lè wá lẹ́yìn iṣẹ́, tí ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá tẹ̀ lé aboyún wá, ìbéèrè tó yẹ kí nọ́ọ̀sì bi í ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe kí ọmọ yìí lè pé ọdún méjì kí àbúrò rẹ̀ tó dé. Àwọn ìmáàmù Ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀kọ́ azl nínú ìwé wọn, wọ́n lè fi wàásù ìyọ̀ǹda láàrin tọkọtaya. Ilé ìwòsàn ńlá ìlú méjèèjì lè sọ̀rọ̀ nípa vasectomy ní gbangba bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa lúùpù. Ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé NDHS fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ iye tọkọtaya tó gbára lé iṣẹ́ abẹ ọkùnrin sí. Nínú ìwé 2018, òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀.